Ẹrù Ńlá Kì í Dá Rìn: Ìtàn Páámítì àti Ọkọ̀ Aṣáájú ní Ilẹ̀ Yewa

Bí ẹ bá rí ọkọ̀ kékeré kan tó ń tan iná tó ń ṣẹ́jú lórí, tí aṣọ pupa ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń fọn fèrè kíkankíkan bọ̀ wá sí Ayétòrò láti apá Ìbèsè, ẹ tètè yà sẹ́bàá ọ̀nà. Ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò ní í yà fún yín, nítorí kò lè yà. Lóbẹ́ẹ̀dì ni, pẹpẹ irin gígùn tó rẹlẹ̀ mọ́lẹ̀, tí katapílà tàbí ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ jókòó sórí rẹ̀, tó sì gba ọ̀nà tirẹ̀ gba ọ̀nà ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ ọkọ̀ kékeré yẹn ni mo fi jẹun títí irun fi funfun lórí mi. Pílọ́ọ̀tì ni àwọn awakọ̀ ń pè wá. Mo bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ń ju aṣọ pupa, mo sì parí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè kí ẹrù tó gbéra. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ òde òní ni, pé àwọn iléeṣẹ́ símẹ́ǹtì ló kó o wá bá wa. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Lójú ọ̀nà tó gba ilẹ̀ Yewa kọjá, n kò mọ ìgbà kankan tí ẹrù tó ju ẹrù lọ dá rìn. Ẹnìkan ní láti fún un láṣẹ, ẹnìkan sì ní láti ṣáájú rẹ̀. Ohun tó ń yí padà ni ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ohun tí àṣẹ náà wà fún. Ohun tó wà fún yìí ló ń dùn mí, òun ni mo sì fẹ́ bá yín sọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Ayétòrò, Ìjànà ni ibodè. Ìlú yìí kò jìnnà sí Ìlaròó, ibẹ̀ sì ni Onísàré ń gbé, ìránṣẹ́ Aláàfin tí wọ́n fi síbẹ̀ kó máa ṣọ́ ọ̀nà tó ti Ọ̀yọ́ Ilé lọ sí etí òkun. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, ará Skọ́tílándì kan tó ń jẹ́ Hugh Clapperton gbéra ní Àgbádárìgì. Ó gba Ìlaròó, ó gba Ìjànà, ó ń lọ bá Aláàfin. Ẹrù rẹ̀ pọ̀, nítorí kò sẹ́ni tí í lọ sọ́dọ̀ ọba lọ́wọ́ òfo, gbogbo ẹrù náà ló sì wà lórí ènìyàn. Kò lè ṣí ẹsẹ̀ kan àyàfi bí olórí ìlú tó wà bá fún un ní aláàárù àti ẹni tí yóò mú un dé ìlú tó kàn. Ní ìlú tó kàn, ọ̀rọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun: ìkíni, ẹ̀bùn, ìdúró, aláàárù tuntun. Àwọn arákùnrin Lander náà gba ọ̀nà yìí ní 1830, bákan náà ni wọ́n ṣe é.

Ọrùn ènìyàn ni òṣùwọ̀n ẹrù nígbà náà. Nígbà tí ìjọba òyìnbó wá fi ìwé dè é lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ẹrù aláàárù kan kò ju nǹkan bíi kìló 25 sí 30 lọ. Ohun tí a kò bá lè tú palẹ̀ títí yóò fi bá orí mu, ẹ̀bá omi ni yóò wà. Àṣẹ tí Onísàré ń pa, ti owó àti ti ènìyàn ni: kí Ọ̀yọ́ mọ ẹni tó wọlé, kí àwọn oníbodè sì gba tiwọn. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bí ọ̀nà yóò ṣe rí lẹ́yìn tí ẹrù bá kọjá tán. Kí ni wọ́n fẹ́ béèrè? Ẹsẹ̀ aláàárù kì í wó afárá.

Ìjànà wó nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ wó, ogun sì gba gbogbo agbègbè yìí kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ogun yẹn kì í ṣe ìtàn tí mo fẹ́ sọ. Ohun tó kan ẹrù ńlá ni pé ní 1896, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ojú irin láti Èkó wá sókè, nígbà tó sì di oṣù Kẹta 1901 wọ́n ti ṣí i dé Ìbàdàn. Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì jẹ́ mílímítà 1,067, èyí tí kò ju mítà kan àti díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rélùwéè yóò mọ férémù irin kan tí wọ́n máa ń gbé nàró sí àgbàlá ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù. Wọ́n á fa wágọ́ọ̀nù gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ẹrù kò bá kan férémù náà lápá òsì, lápá ọ̀tún àti lókè, ó lè máa lọ. Bó bá kàn án, wọn a tú u wálẹ̀. Mo fẹ́ràn férémù yẹn gan-an ni. Kò ní òǹtẹ̀, kò mọ ọmọ ẹni, kò gba ẹ̀bẹ̀, kò gba rìbá. Nínú gbogbo páámítì, ìwé àṣẹ ẹrù, tí mo ti gbọ́ ìtàn rẹ̀, kò sí èyí tó sọ òtítọ́ tó o.

Ìtàn ìlú wa sọ pé ní 1902 ni àwọn ará ìlú tí ogun ti tú ká kóra jọ, tí wọ́n sì tẹ Ayétòrò dó. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ British Cotton Growing Association sílẹ̀ ní Manchester, àwọn tó wá gbé ẹ̀rọ tí ń ya òwú kúrò lára kóró rẹ̀ wá sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ẹ kíyè sí ibi tí wọ́n gbé e sí: ìlú tí ojú irin dé. Òwú tí àgbẹ̀ bá gbìn sí oko ni yóò rìn lọ bá ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò ní í rìn wá bá òwú. Nígbà tó yá, ẹ̀ka ojú irin kan yà ní Ìfọ̀, ó gba Ìlaròó lọ sí Ìdògò, ó sì dúró síbẹ̀. Kò dé Ayétòrò, kò dé Ìmẹ̀kọ. Ohun gbogbo tó bá tóbi tó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ ni yóò fi rìn.

Ẹ jẹ́ kí n yà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni aṣọ pupa mi ti wá. Ní 1865, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣòfin nípa àwọn ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi rìn lójú pópó. Ènìyàn mẹ́ta ni yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ kan, ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn yóò sì máa fẹsẹ̀ rìn ní yáàdì 60 níwájú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ pupa lọ́wọ́. Máìlì 4 ní wákàtí kan ni kí ẹ̀rọ náà máa sá ní ìgbèríko, máìlì 2 nínú ìlú. Ní ọdún 1865 yìí náà ni Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún òyìnbó, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gọ̀lọ́bà, lé àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá kúrò lẹ́yìn odi Ìkòròdú. Wọn kò jẹ́ kí ẹ̀rọ dá rìn nílé wọn, ṣùgbọ́n ìbọn ńlá ń rìn fàlàlà nílé wa. Nígbà tó di 1896, wọ́n yọ ọkọ̀ fífúyẹ́ kúrò lábẹ́ òfin náà, mọ́tò sì gba òmìnira. Aṣọ pupa kò kú ṣá. Ó kàn wá iṣẹ́ lọ sí ẹ̀yìn odi ni.

Ọ̀dọ̀ P.W.D., iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde láyé òyìnbó, ló ti rí iṣẹ́ ní ilẹ̀ tiwa. Bàbá mi bá wọn ṣiṣẹ́ ní Ìlaròó, nígbà tí Ìlaròó jẹ́ olú ìlú Ẹ̀gbádò Division, kí a tó máa pe ara wa ní Yewa. Rólà ni wọ́n ń bá rìn, ẹ̀rọ wúwo tí ń tẹ ọ̀nà. Kò sí ọkọ̀ tó lè gbé e, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn láti ibi iṣẹ́ kan dé òmíràn, ìrìn àgbà tí kò kánjú. Ọmọkùnrin kan máa ń ṣáájú pẹ̀lú aṣọ pupa. Lójú ará ìlú, iṣẹ́ ọmọ náà kò ju kó máa lé ewúrẹ́ àti ọmọdé kúrò lọ́nà. Ṣùgbọ́n afárá pákó ló pọ̀ jù nígbà náà, ọmọ yìí sì ní yóò kọ́kọ́ dé orí rẹ̀. Á fò sókè fò sódò lórí pákó, á sọ̀ kalẹ̀ sínú odò, á fi ọwọ́ kan òpó, á wò ó bóyá ikán tàbí omi ti jẹ ẹ́. Bó bá gbé aṣọ pupa sókè, rólà dúró. Kò sí òyìnbó, kò sí fọ́máànù tó lè ní kó máa bọ̀. Bàbá mi ni ọmọ náà.

Ibí yìí ni mo rí i pé àṣẹ ti yí orí padà. Láyé Onísàré, ti ọba ni. Láyé rólà, afárá ló ni ín. Mo mọ̀ pé ìjọba amúnisìn kì í ṣe ẹni rere lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Owó tí wọ́n ti rì sórí rélùwéè pọ̀, wọn kò sì fẹ́ kí lọ́rì bá a du ẹrù, nítorí náà wọ́n ń di lọ́rì ńlá lọ́wọ́ níbi tó bá ti lè pa owó rélùwéè lára. Ṣùgbọ́n lórí afárá, òtítọ́ ni wọ́n sọ. Pákó kò mọ ẹ̀tàn.

Ààlà tún fi tirẹ̀ kún un. Láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti pín ilẹ̀ yìí ní 1889, Kétu bọ́ sí ọ̀hún, a bọ́ sí ìhín. Títí di ọdún 1972, ọwọ́ òsì là ń gbà wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà ní Dahomey. Àwọn àgbà awakọ̀ sọ fún mi pé bí ẹrù fífẹ̀ bá ti Àjàṣẹ́ bọ̀ gba Ìdírókò, ẹnìkan á bọ́ sílẹ̀ ní ẹnubodè, á dá àwọn tó ń bọ̀ dúró, kí ọkọ̀ tó rọra sọdá láti apá kan ọ̀nà sí èkejì. Ìgbà mìíràn, awakọ̀ tó ti rẹ̀ á gbàgbé, á sì máa bá apá tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún lọ. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọjọ́ Àjíǹde ni ọjọ́ náà bọ́ sí, mo sì rò pé ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn ti wà nínú àdúrà tẹ́lẹ̀.

Símẹ́ǹtì ló wá sọ iṣẹ́ wa di iṣẹ́. Ní 1960 ni iléeṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀, lẹ́bàá ojú irin. Ní 1975, ìjọba àpapọ̀ ra símẹ́ǹtì tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 20 láti òkè òkun nígbà tí èbúté Àpápá kò lè já ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún, àwọn ọkọ̀ òkun sì tò sórí omi bí ẹni ń dúró de oúnjẹ ọ̀fẹ́. Ojú tì wá káyé. Ní 1978, Ṣàgámù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe símẹ́ǹtì tirẹ̀. Gbogbo iléeṣẹ́ báyìí ló nílò ẹ̀rọ tí ń fọ́ òkúta, katapílà tí ń wú ilẹ̀, àti irin ńláńlá tí kò sí orí ènìyàn tó lè rù ú.

Wọ́n tún sé odò Ọyán ní ìtòsí wa, ní Abẹ́òkúta Àríwá, Ààrẹ Shehu Shagari sì ṣí ìsédò náà ní 1983. Ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́ta ni wọ́n gbé síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gáwáàtì 3. Ẹrù ńlá ni, ó sì gúnlẹ̀ láyọ̀. Ó lé ní 20 ọdún lẹ́yìn náà tí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà níbẹ̀ láì tan bóòbù kan. Pílọ́ọ̀tì lè mú ẹrù dé ibi tó ń lọ. Kò lè mú un ṣiṣẹ́.

Ní 1988 ni ìjọba dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta sì ni alága àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, a ti ní ẹni tó ń wo bí ẹrù ṣe yọ jáde, bí iná ẹ̀yìn ṣe ń tàn, bí táyà ṣe rí. Ìyẹn dára. Ìgbà tó wá di ọdún 2007 tí iléeṣẹ́ iná Ọlọ́runṣògo ní Pápáláńtò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú mẹ́gáwáàtì 335, àwa pílọ́ọ̀tì ti di ẹni tí wọ́n ń wá kiri. Ìbèsè ló wá gbà wá pátápátá. Ọjọ́ 9 oṣù Kejì 2012 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣí iléeṣẹ́ símẹ́ǹtì Dangote níbẹ̀, tó ń ṣe tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 6 lọ́dún. Ní 2014 ó ti di 12. Ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa ni Ìbèsè wà, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ayétòrò jẹ́ olú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ṣe gbogbo símẹ́ǹtì yẹn kò hù jáde láti inú ilẹ̀. Àgbá ìléru tí wọ́n fi ń sun òkúta, ègé-ègé ni wọ́n ń kó o, ègé kan sì fẹ̀ ju ìlà ọ̀nà kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń ṣe é, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe é nísinsìnyí ń lo fóònù, wọ́n sì rò pé fóònù mọ ọ̀nà.

Ìwé ló ń kọ́kọ́ rìn. A óò kọ ọ́ sí Iléeṣẹ́ Iṣẹ́ Òde ti ìjọba àpapọ̀ bó bá jẹ́ ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ là ń gbà: gígùn ẹrù, ìbú rẹ̀, gíga rẹ̀ láti ilẹ̀, gbogbo ìwọ̀n rẹ̀, iye ọ̀pá táyà, ìwọ̀n tó bọ́ sórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà tí a óò tọ̀ àti ọjọ́ tí a óò tọ̀ ọ́. Òfin tí àjọ ECOWAS fọwọ́ sí ní 2012 tẹ̀lé ti UEMOA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó ń ná owó CFA, ti ọdún 2005 tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ (Dahomey àtijọ́) ń lò: ọkọ̀ àti ẹrù kò gbọdọ̀ ju tọ́ọ̀nù 51 lọ, ìbú kò sì gbọdọ̀ ju mítà 2.55. Ẹ wá wò ó. Katapílà D8 kan ṣoṣo sún mọ́ tọ́ọ̀nù 40. Ẹ fi lóbẹ́ẹ̀dì àti orí tírélà tó ń fà á kún un, ẹ ti kọjá 60. Irin pẹlẹbẹ tó fi ń ti ilẹ̀ níwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó mítà 4. Nítorí náà, bí katapílà kan bá ń bọ̀ wá la oko ní Ìmẹ̀kọ, ó ti rú òfin kó tó kúrò ní Àpápá. Páámítì ni ìjọba fi ń sọ pé: a mọ̀ pé o rú u, a ti wò ó, ọ̀nà yìí gbà ọ́, máa bọ̀. “A ti wò ó” yẹn ni gbogbo ìtumọ̀ páámítì.

Kí nìdí tí wọ́n fi ń ka ọ̀pá táyà? Láàárín 1958 sí 1960, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Ottawa, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, la ọ̀nà kan tí kò lọ síbi kankan, wọ́n sì ní kí ọkọ̀ ẹrù máa yí i po tọ̀sán-tòru kí wọ́n lè mọ ìgbà tí ọ̀nà yóò fọ́. Wọ́n rí i pé bí ìwọ̀n tó wà lórí ọ̀pá táyà kan bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe fún ọ̀nà lè tó ìlọ́po 16. Ìdí nìyẹn tí lóbẹ́ẹ̀dì fi ní táyà rẹpẹtẹ: kí ẹrù lè pín. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ojú ọ̀nà nìkan ni táyà rẹpẹtẹ lè tàn. Afárá tó bá gùn tó ọkọ̀ náà máa ń gba gbogbo ẹrù náà lẹ́ẹ̀kan, táyà ì báà jẹ́ ọgọ́rùn-ún.

Lẹ́yìn ìwé, èmi ni mo kàn. Mo máa ń lọ wo ọ̀nà kí ọjọ́ tó pé. Mo ní ọ̀pá gígùn kan tí mo so mọ́ iwájú ọkọ̀, tó ga ju ẹrù lọ díẹ̀. Ibi tí ọ̀pá bá ti kan wáyà, ibẹ̀ ni a óò ti dúró. Ní Láfẹ́ńwá, ní Abẹ́òkúta, wáyà iná àti ti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ dà bí àgbàdo tí ọmọdé so. Ọmọkùnrin méjì máa ń gun orí ẹrù pẹ̀lú ọ̀pá igi gbígbẹ tó ní ìka méjì lórí, wọ́n á gbé wáyà sókè, a óò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ní ìrìn ìgbín. Igi gbígbẹ ni mo wí, ẹ má fi igi tútù ṣe é, ẹ má sì fi irin ṣe é.

Mo gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ ọjà, nítorí kò sí páámítì tó lè ṣí ọ̀nà láàárín àwọn aláta. Mo gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Comprehensive High School máa ń jáde, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbí ní 1963, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì máa ń rò pé àwọn ló ni ọ̀nà. Mo gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí Orò máa ń jáde ní Ìlaròó àti ní àwọn ìlú yòókù. Bí obìnrin bá wà nínú ikọ̀ wa, ìyá tó ń tọ́jú ìwé ẹrù tàbí onímọ̀ ẹ̀rọ obìnrin, a kò ní í gbéra lọ́jọ́ náà. Kò sí iléeṣẹ́ ìjọba kankan tó ń kọ èyí sínú páámítì, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò dé ẹnu ìlú, yóò sì padà sẹ́yìn. Ọkọ̀ kejì máa ń tẹ̀lé wa lẹ́yìn, ọlọ́pàá sì máa ń wà nínú ọ̀kan. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a dúró, níbi yòówù kí a dé.

Ní ọdún kan tí òjò pọ̀, a ń gbé ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ kan lọ sí ọ̀nà Ìmẹ̀kọ. Ìwé wa pé pérépéré. Òǹtẹ̀ tó wà lára rẹ̀ pọ̀ débi pé a kò rí ibi fọwọ́ sí mọ́. A dé orí afárá kékeré kan. Ojú ọ̀dà dán, kò sí ìlà kan lára rẹ̀. Mo ti ń ju ọwọ́ pé kí awakọ̀ máa bọ̀ nígbà tí ìyá kan tó ru ẹ̀gẹ́ dúró.

“Ẹ kú ọ̀nà o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ẹrù yín yìí fẹ́ gba orí odò yìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ẹ kú iṣẹ́ oko o.”

“Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ wo abẹ́ rẹ̀ ná. Omi ti kó iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ lọ láti ìjẹta.”

Mo sọ̀ kalẹ̀. Apá kan ògiri tó gbé kọnkéré dúró ti dá wà nínú afẹ́fẹ́, ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gba ènìyàn. Aṣojú ẹni tó gba iṣẹ́ náà binú gidigidi, ó ní páámítì ti jáde, ó ní ọjọ́ ń lọ, ó ní òun yóò pe ọ̀gá òun ní Èkó. Mo ní kó pè é, kí ọ̀gá náà wá wa ọkọ̀ yìí kọjá fúnra rẹ̀. A sùn síbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kó òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ dí ihò náà, wọ́n ti òpó igi sí abẹ́ rẹ̀, a sì kọjá láì sí ẹnikẹ́ni lórí afárá bí kò ṣe awakọ̀. Ohun tí mo mú bọ̀ wálé ni pé nínú gbogbo ọ́fíìsì tó tẹ òǹtẹ̀ lu ìwé yẹn, kò sí èyí tó rán ẹnìkan wá wo odò. Ìyá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ló ṣe iṣẹ́ ọmọ aláṣọ pupa tí bàbá mi jẹ́.

Èyí ló ń dùn mí. Páámítì tí a bí nítorí afárá ti padà di owó ibodè. Láti Àpápá dé Ayétòrò, ìwé ìjọba àpapọ̀, ìwé ìpínlẹ̀, ìwé ìjọba ìbílẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ yìí, tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ tọ̀hún, àti àwọn tí kò ní ìwé kankan bí kò ṣe igi tí wọ́n gbé dí ọ̀nà. Gbogbo wọn ló béèrè iye owó. Mo lè fi ọwọ́ kan ka àwọn tó béèrè ìwọ̀n. Wọ́n ti sọ wá padà sí Ìjànà, ó sì tún burú ju Ìjànà lọ, nítorí ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín láyé Onísàré yóò fún yín ní ẹni tí yóò ṣáájú yín dé ìlú tó kàn.

Ẹni tó lówó gan-an ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ wa. Fún Ìbèsè, Dangote fi kọnkéré la ọ̀nà láti Ìtòrí wá síbẹ̀. Fún iléeṣẹ́ ìfọpo ní Lẹ́kkí, ó kọ́ èbúté tirẹ̀ sí ẹ̀bá òkun, nítorí kò sí èbúté tàbí ọ̀nà tó lè gba irú irin tó ń kó bọ̀. Òpó kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń ya epo rọ̀bì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó dé ní 2019, lé ní tọ́ọ̀nù 2,000. Ojú omi ló gbà wọ ibi iṣẹ́. Ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021 láti Èkó sí Ìbàdàn tún gba Pápáláńtò kọjá, ì bá sì dára bí wọ́n bá lò ó láti gbé ẹ̀rọ wúwo dé ìtòsí wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iléeṣẹ́ ńlá ló kù lójú ọ̀nà Ayétòrò lónìí. Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ní Ìgbógìlà ló kù, àti kọngílá kékeré tó yá katapílà fún ọjọ́ díẹ̀, àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó fẹ́ gbé katakata. Wọn kò lè kọ́ èbúté, wọn kò sì lè la ọ̀nà kọnkéré. Àwọn afárá àtijọ́ náà ni wọn yóò gbà.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní sẹkitéríátì wa ní Ayétòrò, àti ẹ̀yin onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ jẹ́ kí a ka gbogbo afárá tó wà ní ilẹ̀ Yewa, kí a sì kọ tọ́ọ̀nù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé sára rẹ̀ lọ́dà funfun, ní nọ́ńbà tó tóbi tí awakọ̀ lè kà láti òkèèrè. Bí òjò bá ti rọ̀ kọjá, ẹ wá ẹnìkan ní abúlé tó sún mọ́ afárá kọ̀ọ̀kan, ẹ fún un ní owó díẹ̀ lóṣooṣù, kó máa sọ̀ kalẹ̀ lọ wo abẹ́ rẹ̀, kó sì máa fi fóònù ránṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ òǹtẹ̀ lu páámítì kankan láì kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ẹni náà rí. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, mo ṣì mọ ibi tí gbogbo wọn wà, ilé mi kò sì jìnnà sí ọjà.